Bí A Ṣe Ń Mú Adìẹ Sàba Nígbà Ooru

Ọ̀rọ̀ adìẹ ni a fẹ́ sọ. Agboolé tí kò ní adìẹ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo agboolé ni adìẹ ti ń mú owó wá. Bí àgbébọ̀ bá sàba lé ẹyin mẹ́wàá tí ó pa ọmọ mẹ́jọ, ilé ti rí nǹkan. Bí ó bá pa ọmọ méjì tí mẹ́jọ di òbu ńkọ́? Ẹyin tí àwọn ọmọ ìbá jẹ ti ṣòfò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ti lọ lásán. Ní oṣù Fẹ́búárì àti Máàṣì ni irú èyí wọ́pọ̀ jù. Àwọn kan á ní ọwọ́ ẹni tí ó kó ẹyin náà ni kò dára. Kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ooru ni, ó sì ní ohun tí a lè ṣe sí i.

Kí adìẹ tó dé orí ẹyin rárá ni ọ̀ràn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀mí wà nínú ẹyin tí àkùkọ ti gun ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí náà ń sùn níwọ̀n ìgbà tí ara ẹyin bá tutù. Bí ooru bá mú un lọ́sàn-án, ẹ̀mí náà á jí díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ara rẹ̀ tutù, á tún padà sùn. Bí ó bá ń jí, tí ó ń sùn báyìí fún ọjọ́ mẹ́wàá, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì kú. Ẹ wá rò ó wò: adìẹ wa kì í yé ju ẹyọ kan lọ lójúmọ́, ọjọ́ mìíràn sì wà tí kì í yé rárá. Kí ẹyin tó pé mẹ́wàá nínú ìtẹ́, èyí tí ó kọ́kọ́ yé ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú ooru. Òkú ni adìẹ ń sàba lé yẹn.

Nítorí náà, ẹ máa kó ẹyin lójoojúmọ́, kí ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ kí adìẹ má baà sá lọ yé sínú igbó. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ tí adìẹ yé e sára ẹyin kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó wọn sínú igbá, kí ẹ gbé e sí ẹ̀bá àmù omi níbi tí ilẹ̀ ti tutù, ṣùgbọ́n kí omi má kàn wọ́n. Ẹ má fọ̀ wọ́n. Ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí wà lára èèpo ẹyin. Bí a bá fọ ohun tí ó bò wọ́n kúrò, ìdọ̀tí á ráyè wọlé. Ẹyin tí ó bá ti lé ní ọjọ́ méje, ẹ sè é jẹ.

Ẹ ó wí pé, ẹyin ọjọ́ méje kò lè pọ̀. Òótọ́ ni. Ẹ kó ti àgbébọ̀ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ sábẹ́ ọ̀kan, tàbí kí ẹ gba ti aládùúgbò, kí ẹ sì pín ọmọ bí ẹ bá ti ṣe àdéhùn. (Ẹ kọ àdéhùn náà sínú ìwé. Ìjà orí òròmọdìẹ kì í tán bọ̀rọ̀.) Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lọ ra ẹyin kíréètì lọ́jà wá fi sàba. Àwọn adìẹ tí ń yé e kì í sábà rí àkùkọ, kò sì sí ọmọ nínú rẹ̀.

Níbo ni kí ìtẹ́ wà? Kì í ṣe lábẹ́ páànù tí oòrùn ń ta lé, kì í sì ṣe nínú garawa. Ìyá kan nínú kíláàsì wa bi mí pé, “Bàbá Tíṣà, adìẹ mi a máa fi ẹyin sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Àbí ó ti ya wèrè ni?” Mo ní, “Ìyá, orí rẹ̀ pé.” Adìẹ kì í làágùn bí ènìyàn. Bí ooru bá mú un, á la ẹnu sílẹ̀, á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, á na ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá lè fara dà á mọ́, á dìde. Orí ẹrù tí ó wà lábẹ́ páànù ni ìtẹ́ náà wà. A gbé e sílẹ̀ lábẹ́ òjìji, adìẹ sì jókòó.

Ìdí ìkòkò fífọ́ dára púpọ̀, agbọ̀n náà dára. Ẹ bu erùpẹ̀ sí i, kí ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ lé e. Ẹ da eérú díẹ̀ sí i nítorí iná adìẹ, nítorí kòkòrò yìí lè lé ìyá kúrò lórí ẹyin bí ooru ti lè lé e. Ẹyin mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó fún adìẹ ilé wa. Alẹ́ ni kí ẹ gbé e lé e lórí. Ẹ gbé omi tútù àti àgbàdo sí tòsí, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà lọ́sàn-án. Yóò dìde jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún. Ẹ má lé e padà. Òtútù díẹ̀ kò pa ọmọ inú ẹyin. Ooru àpọ̀jù ni í tètè pa á.

Ní alẹ́ ọjọ́ keje, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ẹyin kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó ní ọmọ yóò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Èyí tí ó mọ́ gaara kò ní nǹkan kan, ẹ mú un kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ máa wọ́n omi sí erùpẹ̀ ẹ̀bá ìtẹ́, kí awọ inú ẹyin má baà gbẹ mọ́ ọmọ lára. Láti ọjọ́ kejìdínlógún, ẹ má fọwọ́ kan án mọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni adìẹ fi ń sàba. Bí ẹ bá gbé e lé ẹyin ní ọjọ́ 3 oṣù Máàṣì, ẹ máa retí ọmọ ní ọjọ́ 24. Ẹni tí ó bá ń fi ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún kà á, kí ó gbé e lé e ní ọjọ́ ọjà, kí ó tún ná ọjà náà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọjọ́ kejì ọjà karùn-ún ni. Ti pẹ́pẹ́yẹ yàtọ̀, ọjọ́ márùndínlógójì ni tirẹ̀, nítorí náà ẹ má kó ẹyin méjèèjì pọ̀.

Ọmọ tí ó ń kan èèpo, ẹ jẹ́ kí ó dá ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá bó o, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà. Bí ó bá jáde tí kò jẹun lọ́jọ́ kìíní, ẹ má bẹ̀rù. Pupa ẹyin tí ó wọ inú rẹ̀ ni ó ń jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní omi nínú àwo pẹrẹsẹ tí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí, kí ó má baà rì. Ikán dára fún un, àti àgbàdo tí a lọ̀ kúnná. Ẹ fi agbọ̀n bo ìyá àtọmọ lábẹ́ igi fún ọ̀sẹ̀ kìíní nítorí àwòdì, kí ẹ sì ṣọ́ ìjàlọ lóru. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn Newcastle lọ́wọ́ dókítà ẹranko tí ó wà nítòsí yín. Orúkọ abẹ́rẹ́ ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n òmíràn wà tí wọ́n kàn ń kán sí ojú òròmọdìẹ, ẹ̀kán kan péré.