Ọmọ Tí Ó Wá Kì Í Ṣe Ọmọ Tí Ó Lọ

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ilé bá ti ṣòfò ọmọ, orúkọ ẹni tí a bí tẹ̀lé e ni yóò ròyìn rẹ̀. Málọmọ́ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ má lọ mọ́. Dúrósinmí ń bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró sin òbí rẹ̀. Kòsọ́kọ́ ní kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Samuel Johnson to irú orúkọ wọ̀nyí sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Orúkọ náà kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ọlá, nítorí Ọba Kòsọ́kọ́ jẹ ní Èkó láti 1845 títí di 1851.

Kì í ṣe àwa Yorùbá nìkan. Àwọn Haúsá a máa sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Ajuji, orúkọ tí a fà yọ láti ara ààtàn. Àwọn Akan ní Gánà a sì máa pè é ní Donkor, èyí tí í ṣe ẹrú, kí ojú ikú má baà wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa: ikú ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí ń bá wí, tàbí ọmọ tí ó ti lọ. Ta ni ń bá alààyè sọ̀rọ̀? Bí ara rẹ̀ bá gbóná díẹ̀, ilé a dàrú. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ sí odò, a ní kí ó jókòó. Bí ó bá bínú, gbogbo ilé a máa bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fọ́ àwo, a ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì bá tí ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkú kì í fọ́ àwo. Ọmọ náà a dàgbà láìmọ̀ bóyá òun ni a fẹ́ràn, tàbí àlàfo tí òun dí.

Àwọn baba wa ní àbíkú sọ olóògùn di èké. Lónìí a mọ púpọ̀ nínú ohun tí ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ibà wà níbẹ̀, arọmọléegun náà sì wà, èyí tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Oníṣègùn James Herrick ní ìlú Chicago ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1910. Ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó ru èso rẹ̀ láìṣàìsàn. Bí ọkọ àti aya bá jọ ru ú, ewu 1 nínú 4 wà fún oyún kọ̀ọ̀kan pé ọmọ yóò bá àrùn náà wáyé. Kì í ṣe ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ òbí kan náà ni.

Nítorí náà, kí àwọn àfẹ́sọ́nà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó so yìgì. Kí òbí dárúkọ ẹni tí ó lọ fún ẹni tí ó wà, láìfi ọ̀kan díwọ̀n èkejì. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá pe Málọmọ́ nínú ìwé orúkọ, tí kíláàsì sì rẹ́rìn-ín, ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ìfẹ́ ni ó sọ orúkọ náà.

A ti bẹ ọmọ yìí pé kí ó dúró, ó sì ti dúró. Ẹ jẹ́ kí ó máa rìn wàyí.