Ẹ̀rọ Titun àti Àwọn Akọ̀wé Ilé Ìwé-Ìpamọ́ ní Johannesburg

Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé tí ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní ìlú Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà, mu. Iṣẹ́ tí akọ̀wé kan ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣe, bíi kíka fáìlì àti kíkọ orúkọ inú rẹ̀ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá lè ṣe é ní wákàtí díẹ̀. Kí ni yóò wá kù fún akọ̀wé?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú àwọn ìwé náà. Ní Yunifásítì Witwatersrand, ilé ìpamọ́ ìwé ìtàn kan wà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1966. Lára ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ìwé ẹjọ́ Rivonia, tí a tìtorí rẹ̀ dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Nelson Mandela àti àwọn méje mìíràn ní ọdún 1964. Nínú ìwé ìgbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, orúkọ ẹlẹ́rìí, amí àti ẹni tí a lù ní àtìmọ́lé wà pọ̀. Ẹ̀rọ lè ka orúkọ. Ta ni yóò rántí pé ọmọ ẹni náà lè ṣì wà ní Soweto? Òfin tí ń dáàbò bo àṣírí ènìyàn, tí a ṣe ní ọdún 2013, kò ní mú ẹ̀rọ; ẹni tí ó gbé e síṣẹ́ ni yóò jíhìn.

Ní ọdún 1993, àjọ amí ìjọba náà pa ìwé tí ó tó tọ́ọ̀nù 44 run. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ka eérú. Ènìyàn tí ó mọ iyì ìwé ni ó ń pa á mọ́.

Ó dùn mọ́ni pé ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Lelapa AI ní Johannesburg gbé InkubaLM jáde, tí a fi èdè Zulu, Xhosa, Swahili, Hausa àti Yorùbá kọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣi ọ̀rọ̀ kà, ẹni tí ó gbọ́ èdè náà ni yóò rí i.

Nítorí náà, kí a má ṣe lé akọ̀wé lọ. Kí a tún un kọ́. Kí ó mọ bí a ti ń fi iṣẹ́ ẹ̀rọ wé ojúlówó ìwé, bí a ti ń bo orúkọ tí kò yẹ kí ayé rí, àti bí a ti ń tọ́jú àdàkọ inú kọ̀ǹpútà kí ó má baà sọnù. Owó kì í ṣe àwáwí: láti ọdún 2001 ni òfin ilẹ̀ náà ti ń bu ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé owó oṣù tí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ń san, fún kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Iṣẹ́ ìpamọ́ ìwé tí Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ fún ìjọba Nàìjíríà ní Ìbàdàn ní ọdún 1954 kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ nìkan. Kí ẹ̀rọ tó gba ibẹ̀ kan, kí àwọn akọ̀wé ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lò.