Asẹ́ Tí Ń Ṣa Ohun Tí Ó Ń Sẹ́: Awọ Tín-ín-rín àti Àṣẹ́kù Oògùn Nínú Omi Ìdọ̀tí



Oògùn tí a rà ní ẹ̀bá Ọjà Ọba, tí a sì gbé mì, kì í tán nínú ara wa. Nínú ciprofloxacin, ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń bá ìtọ̀ jáde láìyípadà. Ṣáláńgá àti gọ́tà ni ó ń gbà dé inú omi. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ tí University of York ní Ìlú Ọba ṣáájú wọn tẹ ìwádìí jáde lórí odò 258 ní orílẹ̀-èdè 104. Gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, níbi tí àwa wà, wà lára àwọn ibi tí oògùn ti pọ̀ jù lọ nínú odò. Ewu ibẹ̀ ni pé kòkòrò àrùn tí ó ń bá oògùn díẹ̀ pàdé lójoojúmọ́ lè di ẹni tí oògùn náà kò ràn mọ́. Oògùn tí ó wo ìyá sàn lè má wo ọmọ rẹ̀ sàn.

Asẹ́ ni àwọn ológì fi ń ya èèrí kúrò lára ògì. Ṣùgbọ́n oògùn ti yòrò mọ́ omi bí iyọ̀. Asẹ́ lásán kò lè mú un. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan, ní University of California ní Los Angeles, ṣe awọ kan láti ara cellulose acetate, tí a lè fi agbára ti omi òkun gbà kọjá kí iyọ̀ ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a rí awọ nanofiltration, tí ihò rẹ̀ tó nǹkan bí nanometre 1, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà kan.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni awọ yìí fi ń ṣa ohun tí yóò kọjá. Èkíní ni ìtóbi: ìwọ̀n mólékù omi jẹ́ 18, ti ciprofloxacin jẹ́ 331; omi a kọjá, oògùn a dúró. Ṣùgbọ́n paracetamol, tí tirẹ̀ jẹ́ 151, sáábà ń rí àyè yọ́ kọjá. Èkejì ni agbára iná mànàmáná: irú kan náà ni diclofenac inú omi àti ojú awọ náà sáábà ń ní, nítorí náà wọn a máa ti ara wọn sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra o: awọ kì í pa oògùn, ó ń kó o jọ ni. Èèrí ògì, ewúrẹ́ a jẹ ẹ́. Ta ni yóò jẹ èèrí oògùn? Bí a kò bá fi iná gbígbóná tàbí ozone bà á jẹ́, tí a tún dà á sí odò, asán ni làálàá wa. Awọ náà ń fẹ́ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tí kì í dákú, ìdọ̀tí a sì máa dí i.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí a má dáwọ́ lé sísẹ́ gbogbo omi ìlú. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí oògùn púpọ̀ ti wà nínú omi díẹ̀. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.