Gáàsì Kan, Ike Méjì: Kátálísìtì Ló Ń Yàn

Ọ̀rá omi "pure water" àti kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pọnmi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Inú ẹ́tílíìnì ni àwọn méjèèjì ti jáde, gáàsì tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì tàbí gáàsì ilẹ̀, tí kò ní ju kábọ̀nù méjì àti háídírójìnì mẹ́rin lọ. Síbẹ̀, ọ̀kan rọ̀, èkejì le koko. Ọ̀nà tí wọ́n gbà so gáàsì náà pọ̀ ló yàtọ̀.

Wọ́n máa ń kọ́ wa nílé ìwé pé kátálísìtì ni ohun tí a ń fi sínú kẹ́míkà kí iṣẹ́ ibẹ̀ lè yá, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní tán síbẹ̀. Irọ́ kọ́, àmọ́ ó ku díẹ̀ káàtó. Nínú ọ̀pọ̀ nǹkan tí gáàsì kan lè dà, kátálísìtì ló ń pinnu èyí tí yóò dà. Ibẹ̀ gan-an ni owó wà.

Ní 1933, níléeṣẹ́ ICI ní Winnington nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbára ni Eric Fawcett àti Reginald Gibson fi mú ẹ́tílíìnì. Wọ́n fún un pọ̀ títí ìfúnpá rẹ̀ fi ju ẹgbẹ̀rún ìlọ́po ti afẹ́fẹ́ ìta lọ, wọ́n sì mú un gbóná. Ohun funfun kan tó rọ̀ ló jáde. Ẹ̀wọ̀n mólékù rẹ̀ yọ ẹ̀ka kiri, wọn kò lè tò sún mọ́ra, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ bí ọ̀rá omi.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, Karl Ziegler, ọ̀gá ilé ìwádìí nípa èédú ní Mülheim ní Jámánì, ń fi àpòpọ̀ alumíníọ̀mù so ẹ́tílíìnì mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í gùn tó bó ṣe fẹ́. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Erhard Holzkamp, rí i pé kò tilẹ̀ gùn rárá: ẹ́tílíìnì méjì-méjì péré ló so pọ̀, ó di gáàsì bútíìnì. Ẹlòmíì ì bá fọ ìkòkò irin náà, kó tún un ṣe. Wọ́n wádìí rẹ̀ títí wọ́n fi bá níkẹ̀lì bíńtín lára ìkòkò. Bí níkẹ̀lì bá lè ṣe èyí, kí ni àwọn mẹ́táàlì yòókù lè ṣe? Wọ́n ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Heinz Breil fi sìkóníọ̀mù sí i, ike jáde. Heinz Martin fi tìténíọ̀mù sí i, ìyẹn ló wá yá jù. Kí 1953 tó parí, wọ́n ti ń ṣe ike nínú ìgò gíláàsì lásán, láìsí ìfúnpá tó ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ.

Tìténíọ̀mù di ìdí ẹ̀wọ̀n mú. Bí ẹ́tílíìnì tuntun bá dé, á fà á mọ́ra, á sì tì í sáàárín ara rẹ̀ àti ẹ̀wọ̀n tó ti wà nílẹ̀. Bí irun ṣe ń hù láti ìdí, tí ṣónṣó rẹ̀ ń jìnnà sí orí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n náà ṣe ń gùn, kì í sì í sábà yọ ẹ̀ka. Ẹ̀wọ̀n gbọọrọ báyìí á tò pẹ́kípẹ́kí, ike á le. Kẹ́ẹ̀gì dé nìyẹn.

Ní March 1954, Giulio Natta ní Milan fi kátálísìtì Ziegler gbìyànjú gáàsì pírópílíìnì. Èyí ní kábọ̀nù mẹ́ta, ẹyọ kan á sì máa yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wọ̀n. Bí oníkálukú bá kọjú síbi tó wù ú, ohun rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ni yóò dà. Kátálísìtì kò gbà: ẹ̀gbẹ́ kan náà ló ní kí gbogbo wọn kọjú sí. Ike tó jáde kì í yọ́ nínú omi híhó. Òun ni wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì àti Ghana-must-go, òun náà ni àga ike tí à ń háyà fún ìnáwó. Ziegler àti Natta jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963. Ó mà ṣe fún Paul Hogan àti Robert Banks ti iléeṣẹ́ Phillips ní Amẹ́ríkà o! Wọ́n ti rí ike yìí ní 1951, ṣùgbọ́n ó di 1983 kí wọ́n tó fún Phillips ní ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, wọ́n kọ́ ẹ̀ka kan sínú ọgbà ìfọpo Dangote láti máa ṣe 830,000 tọ́ọ̀nù ike pírópílíìnì lọ́dún. Gíráàmù kan nínú kátálísìtì òde òní lè ṣe ju kílò mẹ́wàá ike lọ, nítorí náà wọn kì í wulẹ̀ fọ̀ ọ́ kúrò mọ́. Ìyókù rẹ̀ wà nínú àga tí ẹ jókòó lé.

Títú ike padà ló wá le. Ní 2024, John Hartwig àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley fi sódíọ̀mù àti túnsítìn ṣe kátálísìtì. Pẹ̀lú ẹ́tílíìnì, ní nǹkan bí 320°C, wọ́n sọ ike ẹ́tílíìnì àti ike pírópílíìnì padà di gáàsì pírópílíìnì àti gáàsì aísóbútílíìnì. Ohun tí wọ́n rí gbà padà sún mọ́ ìdá 90 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí páìpù PVC tàbí ìgò mínírà bá dà mọ́ ọn, bó ti wù kó kéré mọ, iṣẹ́ á fà sẹ́yìn. Lọ́dọ̀ tiwa, inú ọkọ̀ akólẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bá lọ, àfi èyí tí àwọn tó ń ṣa ike bá kọ́kọ́ yọ.