Ọjọ́ tí Àjàyí Sọ Lórúkọ Méjì

Ní ọdún 1821 ni ogun kó ìlú Òṣogùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ọjọ́ náà sì jẹ́ ọjọ́ burúkú Èṣù gbomi mu fún Àjàyí, ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ wá sáyé, ẹni tí kò tíì tó géńdé nígbà tí wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn pẹ̀lú ìyá àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Bí ìyà ńlá bá sì gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni: wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin, ẹṣin kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n bá dá ọmọ padà, wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí ní Èkó, ayé sì sú u débi pé ikú wù ú ju ìyè lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí àwọn Potogí kó o sí lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró, níbi tí ó ti kàwé, tí ó ṣe ìrìbọmi, tí a sì wá mọ̀ ọ́n sí Samuel Ajayi Crowther.

Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní 1837, ó pe ọjọ́ tí a kó o lẹ́rú ní ọjọ́ ibi, nítorí ọjọ́ náà ni ó lé e kúrò nílé bàbá rẹ̀; lẹ́yìn náà ni ó tún pè é ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti ṣí. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò yí padà. Ipò rẹ̀ nínú ìtàn ayé Àjàyí ni ó yí, orúkọ kejì kò sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Tibi tire la dá ilé ayé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún 16 ni ó kọjá kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ara rẹ̀ ni ó sì fi sọ ọ́. Àwọn olùtùnú tiwa (kí Ọlọ́run má bínú sí wọn) kì í jẹ́ kí omijé gbẹ lójú ọlọ́fọ̀ kí wọ́n tó wí fún un pé ire ni.

Ẹ má sì ṣe rò pé ẹni tí ó dúpẹ́ báyìí ti fọwọ́ sí òwò ẹrú. Nígbà tí ó dé Ìlú Ọba ní 1851, tí ó bá Ọbabìnrin Victoria sọ̀rọ̀, ohun tí ó ń bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ni pé kí wọ́n fi òpin sí òwò ẹrú Èkó, kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ má baà dé bá ọmọ ẹlòmíràn mọ́.