Ìbọn Tí Ó Ń Gbé Ẹrẹ̀ Mì

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. A rántí òwe yìí nígbà tí a ń yẹ ọ̀rọ̀ ìbọn Chauchat wò, èyí tí ìjọba Faransé gbà fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ọdún 1915.

Ìbọn náà ní ìwúlò tirẹ̀. Ó ń yìn léraléra, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílò 9 lọ, ẹnìkan ṣoṣo sì lè máa yìn ín bí ó ti ń rìn lọ. Ilé iṣẹ́ Gladiator, tí ó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ológeere, ni ó ń rọ ọ́. Iye tí a sì rọ ju 250,000 lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àpótí ọta rẹ̀. Ọta Faransé ìgbà náà nípọn ní ìdí, ó sì tín-ín-rín lórí. Bí a bá tò ó léra, títẹ̀ ni yóò tẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ṣe àpótí náà bí ìlàjì òṣùpá, tí ó gba ọta 20. Àwọn tí ó ṣe é wá ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sílẹ̀, kí ọmọ ogun lè máa rí iye ọta tí ó kù. Ní ilé iṣẹ́, ọgbọ́n ni èyí jọ. Nínú kòtò ogun, níbi tí ènìyàn ń fi àyà wọ́ nínú ẹrẹ̀, ewu ńlá ni. Ẹrẹ̀ a gba ojú ihò náà wọlé, ọta a há, ìbọn a dákẹ́. Ọ̀tá kò sì ní dákẹ́. Irin àpótí náà tún fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ tẹ̀.

Ní ọdún 1918, a tún ìbọn yìí rọ fún ọta àwọn ará Amẹ́ríkà. A kò gbẹ́ ihò tí ọta ń jókòó sí bí ó ti yẹ. Bí ìbọn bá ti gbóná, èèpo ọta tí a ti yìn a lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kò ní jáde. Èyí tí ó há ní ọ̀fun kò jẹ́ kí òmíràn wọlé.

Ìkánjú ogun ni ó fa gbogbo èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó kánjú ni ó jìyà rẹ̀. Nígbà tí Faransé ṣe ìbọn mìíràn ní ọdún 1924, wọ́n pa ẹ̀gbẹ́ àpótí ọta dé, wọ́n sì gbé e sórí ìbọn. Kí ẹnikẹ́ni tó rọ ohun èlò fún ọmọ ẹlòmíràn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ wo ilẹ̀ tí a ó ti lò ó.