Nígbà tí Àìsí Àwọ̀ Bá Di Ẹ̀rí

Nínú ara ọmọ ènìyàn, ohun gbogbo ní àkókò tirẹ̀. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti kó pùrótéènì kan dànù nínú sẹ́ẹ̀lì, àmì kékeré kan tí a ń pè ní ubiquitin ni a ń lẹ̀ mọ́ ọn. Aaron Ciechanover, Avram Hershko àti Irwin Rose, tí wọ́n tú àṣírí iṣẹ́ yìí, gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì ní ọdún 2004. Ara sì tún ní àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń já àmì náà kúrò. Wọ́n tó nǹkan bí 100.

Ọ̀kan nínú wọn ni BAP1, tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ròyìn ní ọdún 1998. Inú kókó sẹ́ẹ̀lì ni ó ti ń ṣiṣẹ́ jùlọ, ó sì wà lára àwọn tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ya ìpáǹle. Níbi tí ó bá ti sọnù, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún àrùn jẹjẹrẹ.

Báwo ni a ṣe ń wá a rí? Áńtíbọ́dì ni a ń rán lọ. Bí a bá gún èkúté ní abẹ́rẹ́ BAP1 ti ènìyàn, ara rẹ̀ yóò ṣe áńtíbọ́dì tí ó dá BAP1 mọ̀. Georges Köhler àti César Milstein ni wọ́n fi hàn ní Cambridge ní ọdún 1975 bí a ṣe lè máa ṣe irú áńtíbọ́dì kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ní yàrá àyẹ̀wò, a ó rẹ́ ẹran ara tí a gé lára aláìsàn kí ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, a ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a ó sì da áńtíbọ́dì lé e. Àwọn èròjà tí a fi tẹ̀lé e yóò mú àwọ̀ búráùn jáde níbi tí áńtíbọ́dì bá dì mọ́.

Jẹjẹrẹ kan wà tí ń jẹ́ mesothelioma, tí ń mú awọ fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Eruku asbestos ni olórí ohun tó ń fà á. Àìsàn mìíràn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lè mú kí sẹ́ẹ̀lì awọ náà pọ̀ sí i, kí ó sì jọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú irú èyí, BAP1 kì í sọnù. Bí kókó àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò bá ní àwọ̀ búráùn, ẹ̀rí jẹjẹrẹ tó lágbára ni.

Síbẹ̀, àìsí àwọ̀ lè purọ́. Ó lè jẹ́ áńtíbọ́dì ni ó bàjẹ́, tàbí pé a kò tọ́jú ẹran ara náà dáadáa. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń kọ́kọ́ wo àwọn aládùúgbò lórí gíláàsì kan náà: sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá ní àwọ̀, tí sẹ́ẹ̀lì tí a fura sí kò ní, ẹ̀rí dúró. Bí àwọn náà kò bá ní, àyẹ̀wò náà kò sọ nǹkan kan. A ó tún un ṣe. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀ ni wíwà àwọ̀ kò ní kí a sọ pé ara ti dá, nítorí mesothelioma mìíràn wà tí BAP1 rẹ̀ kò sọnù. Áńtíbọ́dì tí a sì kọ sí lára pé ìwádìí nìkan ni ó wà fún, a kò gbọdọ̀ fi dá ẹjọ́ aláìsàn kí ilé àyẹ̀wò tó dán an wò lára ohun tí ó dá wọn lójú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìdílé pẹ̀lú. Láti ọdún 2011 ni a ti mọ̀ pé àbùkù BAP1 lè ti ọ̀dọ̀ òbí kan ọmọ. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá mú irú èsì bẹ́ẹ̀ wá fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi dókítà pé: ǹjẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀?